Afẹ́fẹ́ Tí A Rí Kọ́ Ni Afẹ́fẹ́ Tó Máa Dé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Rúkèrúdò Afẹ́fẹ́ àti Ìdarí Tọ́báìnì

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ àti àwọn tọ́báìnì tó ń fi í ṣe iná mànàmáná. Mi ò ní jiyàn lórí bóyá iná afẹ́fẹ́ sàn ju iná gáàsì lọ. Àwọn olóṣèlú ń ṣe ìyẹn tó. Ọ̀ràn tí mo gbé wá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le jù ú lọ: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó ṣáájú kí afẹ́fẹ́ tó kan apá tọ́báìnì. Kí ni a lè mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ náà láàárín àkókò yẹn, báwo sì ni ohun tí a mọ̀ ṣe ń di àná kí afẹ́fẹ́ náà tó dé?

Ẹ jẹ́ kí n mú tọ́báìnì kan tó ní orúkọ, kí ọ̀rọ̀ mi má baà léfòó. Ní 2009, ilé ìwádìí NREL ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, tẹ àpèjúwe tọ́báìnì kan jáde tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 5. Kò sí ẹni tó rí i kó dúró lórí ilẹ̀ rí. Orí ìwé àti inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Síbẹ̀ ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìdarí tọ́báìnì tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni wọ́n fi ń dán ìṣirò wọn wò láti Colorado dé Ṣáínà. Apá mẹ́ta ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 61.5, ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti so pọ̀ sì ga ní mítà 90. Bí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ní mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dé mítà 11.4, tọ́báìnì ti ń mú gbogbo agbára rẹ̀ jáde. Bí ó bá kọjá mítà 25, a gbọ́dọ̀ tì í pa. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọra, ìyípo kan ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé agbára afẹ́fẹ́ kì í bá ìyára rẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Kí ìyára di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́jọ. Kí afẹ́fẹ́ kúrò ní mítà 10 bọ́ sí 12, tí ẹni tó dúró nílẹ̀ kò tilẹ̀ ní kọbi ara sí i, agbára inú rẹ̀ ti fi ìdá 73 nínú 100 lé sí i. Ìṣòro kejì wà lára irin fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìjì ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún nìkan ló ń ba òpó àti apá jẹ́. Títẹ̀ àti nínà kéékèèké ló ń rẹ̀ wọ́n, tọ̀sán tòru, fún ogún ọdún tí a retí pé kí wọ́n fi dúró. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ṣẹ́ wáyà rí, tó ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí ó fi já, mọ ohun tí mò ń wí.

Ta ló wá ń darí ẹ̀rọ yìí? Kọ̀ǹpútà kan ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì tó 11.4, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi jẹnẹrétọ̀ di apá mú ní ìwọ̀n tó tọ́, kí apá máa yára bí afẹ́fẹ́ bá yára, kí ó sì dẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá dẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ yí padà: agbára ti pọ̀ jù, a ní láti máa da díẹ̀ nù. Kọ̀ǹpútà á máa yí ojú apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò fún afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀; ti tọ́báìnì NREL kò lè yí ju dígírì 8 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ kọ̀ǹpútà yìí kì í rí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀. Bí apá ṣe ń yára tó ló ń wò. Wọ́n máa ń gbé ohun èlò ìwọn-afẹ́fẹ́ sórí ilé ẹ̀rọ tó wà ní orí òpó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn apá ni ìyẹn wà, níbi tí apá ti da afẹ́fẹ́ rú tán. Nítorí náà, ẹ̀fúùfù á ti kan apá, apá á ti tẹ̀, òpó á ti fì, ìyípo á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára jù, kí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohun tó ti kọjá ló ń sáré lé.

Kí ni ẹ̀fúùfù yìí gan-an? Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, kí ẹ wo èéfín. Kì í lọ tààrà. Ó ń lọ́, ó ń yí po. Ìyí ńlá kan á gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ìyí kéékèèké á máa fà á ya létí. Ẹ tẹjú mọ́ ìyí kékeré kan ṣoṣo: kí ẹ tó ka ení, èjì, ó ti pòórá. Ìyí ńlá tó gbé e ṣì ń lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú èéfín yẹn.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ayé tó gbọ́ ni Lewis Fry Richardson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìjọ Quaker ni, kò gbà láti jagun, ó sì wá lọ wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí kò bá sí níṣẹ́, ó ń fọwọ́ ṣírò bí ojú ọjọ́ ṣe máa yí padà láàárín wákàtí mẹ́fà. Ìṣirò náà gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, èsì rẹ̀ sì wọ́ pátápátá. Ní 1922 ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, kò fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí ju fún ohunkóhun mìíràn lọ. Nínú ìwé náà ló ti sọ pé ìyí ńlá ló ń bọ́ ìyí kékeré, kékeré ń bọ́ èyí tó kéré jù ú lọ, títí agbára náà á fi di ooru lásán. Ní 1941, Andrey Kolmogorov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà fi ìṣirò gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Láti inú ìṣirò rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ọjọ́ ayé ìyí kan ń tẹ̀ lé ìbú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe déédéé: ìyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́jọ ti èkejì, ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ti èkejì. Tí ìyí oní mítà 80 bá lè rìn jìnnà díẹ̀ kó tó fọ́, ìyí oní mítà 10 kò ní dé ìdajì ọ̀nà yẹn.

Àwọn tó ń ṣe ìwọ̀n tún rí ohun mìíràn. Ní 1957, Isaac Van der Hoven tẹ èsì ìwọ̀n afẹ́fẹ́ láti òpó gíga kan ní Brookhaven, ní ìpínlẹ̀ New York, jáde. Díẹ̀ nínú wọn wá láti ọjọ́ tí ìjì líle Connie ń kọjá ní 1955. Ó bi ara rẹ̀ pé: ségesège afẹ́fẹ́ yìí, ní ìwọ̀n àkókò wo ló ti pọ̀ jù? Ó rí òkè méjì. Ọ̀kan wà ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn ojú ọjọ́ tó ń wá tó ń lọ. Èkejì wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ìyẹn rúkèrúdò tí à ń sọ. Àfonífojì ló wà láàárín wọn, láti ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àfonífojì yìí ló fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìgboyà láti gé afẹ́fẹ́ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá: nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a ní ìpíndọ́gba kan, kí a sì ka gbogbo ohun tó yapa sí i kún rúkèrúdò. Ìlànà àgbáyé fún tọ́báìnì, IEC 61400-1, dá lé orí èyí. Tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ní mítà 15, lára àwọn ẹ̀ka tí ìlànà náà pín ibùdó sí ni A, B àti C, níbi tí ìyapa jẹ́ ìdá 16, 14 tàbí 12 nínú 100 ìpíndọ́gba. Ó wúlò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń lo àfonífojì Van der Hoven bí ẹni pé òfin ayé ni, bẹ́ẹ̀ ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lẹ́bàá òkun Àtìláńtíìkì ní àríwá. Màá padà sórí èyí.

Láti wọ inú kọ̀ǹpútà, afẹ́fẹ́ nílò àwòṣe. Wọ́n gba àwọn nọ́ńbà tí Kaimal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ní 1968 lórí pápá àlìkámà tí wọ́n ti kórè ní Kansas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1972. Ní 1988, Paul Veers ní ilé ìwádìí Sandia, ní New Mexico, kọ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ hun afẹ́fẹ́ ayédèrú tó kún gbogbo ojú tí apá ń gbá. Ní 1994, Jakob Mann ní ilé ìwádìí Risø, ní Dẹ́nímáàkì, mú èyí tó dára jù wá, nítorí ó ka bí ilẹ̀ ṣe ń fa ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ sẹ́yìn tí òkè rẹ̀ sì ń sáré, tí ìyí á fi máa gùn gbọọrọ. Ohun tí ọ̀nà méjèèjì ń ṣe ni àpótí afẹ́fẹ́ kan. Wọ́n á tì í gba inú tọ́báìnì kọjá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á ka iye ìgbà tí òpó tẹ̀. Ìlànà ní kí wọ́n ṣe irú àpótí mẹ́fà, ó kéré tán, fún ìyára kọ̀ọ̀kan, kí oríire má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àbùkù kan ṣoṣo ló wà: afẹ́fẹ́ inú àpótí náà ti dì. Ó ń rìn lọ síwájú, ṣùgbọ́n kò sí ìyí kan nínú rẹ̀ tó ń fọ́, kò sí èyí tó ń bí. Geoffrey Ingram Taylor ti Cambridge ló gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1938, pé tí afẹ́fẹ́ bá yára tó, tí ségesège rẹ̀ sì kéré, ẹ lè kà á sí pé rúkèrúdò náà dì, ohun tí òpó kan wọ̀n lónìí láàárín ìṣẹ́jú kan jẹ́ àwòrán ohun tó tẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà afẹ́fẹ́. Taylor kò ṣẹ̀. Nínú ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ṣe sínú ilé ìwádìí ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì sọ ìgbà tí èrò náà máa dúró. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òpó máa ya, dídì yìí kò pa á lára. Àfìgbà tí láídà dé.

Láídà ń rán ìtànṣán lésà tí ojú kò lè rí síwájú. Ìtànṣán náà á kan eruku àti àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́, díẹ̀ á ta padà, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti yí díẹ̀ nítorí pé ohun tó kàn ń rìn. Ìyípadà yẹn ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe yára tó. Ẹ gbé e sórí ilé ẹ̀rọ, ó ń wo afẹ́fẹ́ tó wà ní mítà 120 níwájú. Tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ní mítà 15, ìṣẹ́jú àáyá 8 ni kọ̀ǹpútà ní láti múra. Ìṣòro kan ni pé apá tó ń kọjá máa ń dí ìtànṣán. Ní Tjæreborg, ní ìwọ̀-oòrùn Dẹ́nímáàkì, àwọn ará Risø yẹra fún èyí: wọ́n gbé láídà sínú imú tọ́báìnì NM80 kan, kí ó máa bá apá yí, kí ohunkóhun má dí i.

Ní orí ìwé, iṣẹ́ ti parí. Nínú àpótí tó dì, láídà ń rí gẹ́lẹ́ ohun tó máa dé, òpó ń dúró jẹ́ẹ́, apá kò fì. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí àtijọ́ ló kún fún ìròyìn ayọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbà wọ́n gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde yàtọ̀. Láídà kì í wọn ibi kan ṣoṣo. Nǹkan bí mítà 30 lójú ọ̀nà ìtànṣán ni irú èyí tó ń rán ìtànṣán ní ìgé-ìgé ń pò pọ̀ sí nọ́ńbà kan, nítorí náà ìyí tó kéré ju ìyẹn lọ ti parẹ́ kí ó tó wọ ìwé. Ohun tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí tó ń lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè mọ̀. Èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá kò sí lójú rẹ̀. Ojú tí apá NREL ń gbá fẹ̀ ju mítà 12,000 níbùú-lóòró lọ, ibi mélòó kan lára rẹ̀ ni láídà sì ń tọ́ wò. Tọ́báìnì fúnra rẹ̀ tún ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Láti ìgbà iṣẹ́ Albert Betz ní 1920 ni a ti mọ̀ pé tọ́báìnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù ń mú kí afẹ́fẹ́ dínkù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta kí ó tó kan apá. Nítorí náà afẹ́fẹ́ ń pẹ́ dé ju bí ìṣirò lásán ṣe wí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tún wá ku ọ̀ràn èéfín: láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8 yẹn, àwọn ìyí kéékèèké tí láídà rí ti kú, àwọn mìíràn tí kò rí ti bí.

Ṣé kí a wá wo ibi tó sún mọ́, kí ìyí má baà rí àyè kú? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bí ẹ bá wo ibi tó sún mọ́ jù, ìtànṣán tó fẹ́ kárí gbogbo ojú apá gbọ́dọ̀ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ á sì ba ìwọ̀n jẹ́. Bí ẹ bá wo ibi tó jìnnà jù, ohun tí ẹ rí ti di ìtàn kó tó dé. Ibi kan wà láàárín tí àṣìṣe ti kéré jù, kò sì ṣeé rí láìmọ bí rúkèrúdò ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwòṣe ìyípadà yìí fi di ọ̀ràn owó, tí kì í ṣe ọ̀ràn ìwé lásán.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń lò ni ìbáramu. Fún ìyí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ bi pé: ohun tí a rí níwájú àti ohun tó dé, báwo ni wọ́n ṣe jọra tó? Tí wọ́n bá bára mu pátápátá, 1 ni. Tí wọn kò bá mọ ara wọn rí, 0 ni. Alan Davenport ti Kánádà ti lo irú nọ́ńbà yìí ní 1961 fún ìyí tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì jẹ́ kí ó máa rọlẹ̀ kíákíá bí ìyí ṣe ń kéré tí àlàfo ń gùn. Leif Kristensen ní Risø gbé ọ̀ràn ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ yẹ̀ wò ní 1979, nígbà tí kò tíì sí láídà lórí tọ́báìnì kankan. Ní 2015, Eric Simley àti Lucy Pao ní Colorado fi kọ̀ǹpútà alágbára ṣẹ̀dá afẹ́fẹ́ tó ń fọ́ tó ń bí, wọ́n sì ti inú rẹ̀ fa àwòṣe kan yọ tó so ìbáramu mọ́ bí rúkèrúdò ṣe le tó àti bí ìyí ṣe tóbi tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi ni ohun tí a ń fi nọ́ńbà yìí ṣe. A kì í fi í gbọ́ ohun tó pọ̀ sí i, a ń fi í di etí ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Norbert Wiener ní MIT ń wá ọ̀nà tí ìbọn fi lè mọ ibi tí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá máa wà nígbà tí ọta bá fi dókè. Iṣẹ́ náà jáde fún gbogbo ayé ní 1949. Èsì rẹ̀ ni asẹ́ kan: fún ìwọ̀n ségesège kọ̀ọ̀kan, gbà á gbọ́ dé ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ mọ, kí o sì da ìyókù nù. Fún tọ́báìnì, ìyí ńlá tó bo gbogbo ojú apá á gba asẹ́ kọjá, kọ̀ǹpútà á sì yí apá kí ó tó dé. Ìyí kékeré, bó ti wù kí ó hàn kedere tó lójú láídà, kò gbọ́dọ̀ kọjá. Tí kọ̀ǹpútà bá fèsì sí i, ó ti yí apá fún ohun tí kò ní dé, lẹ́yìn náà ó tún máa yí i padà fún ohun tó dé gan-an: òpó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mọ́tò tó ń yí apá sì jẹ lásán. Asẹ́ náà tún ń jẹ àkókò. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 8, láídà á mú díẹ̀ kí ó tó yí gbogbo ojú ká, asẹ́ á mú díẹ̀, mọ́tò apá á mú díẹ̀. Ìyókù, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dúró dè é, nítorí ẹni tó yí apá kí àkókò tó tó ṣe àṣìṣe kan náà pẹ̀lú ẹni tó pẹ́.

Wọ́n gbé èyí kúrò nínú ìwé lọ sí òkè òpó. Lẹ́bàá Boulder, ní Colorado, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń já bọ́ láti orí àwọn òkè Rocky, tọ́báìnì ìwádìí kan wà tó ń jẹ́ CART2. David Schlipf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Stuttgart, ní Jámánì, gbé láídà sórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará NREL, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Asẹ́ tí wọ́n lò ń yí ara rẹ̀ padà bí ìbáramu ṣe ń yí. Nígbà tí ìbáramu àti àkókò dídé bá rí bí wọ́n ṣe retí, ìyípo apá dúró dáadáa sí i, ẹrù tó wà lórí òpó, apá àti ọ̀pá ìyípo sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun kan bá dúró níwájú tọ́báìnì tó ń da ìwọ̀n láídà rú, ó burú ju kí láídà má sí lọ. Wọ́n kọ èyí sílẹ̀ láìbò ó. Bí mo bá ní kí n mú ìwé kan ṣoṣo lórí ọ̀ràn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, òun ni mo máa mú, nítorí gbólóhùn yẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwòṣe wá lé iṣẹ́ bá. Ní 2022, Yiyin Chen, Feng Guo, Schlipf àti Po Wen Cheng gbé ọ̀nà kan jáde láti ṣe àpótí afẹ́fẹ́ tí kò dì: ó ní gígùn, ìbú àti gíga, àkókò sì dúró lọ́tọ̀. Ní ọdún kan náà, Guo àti Mann pẹ̀lú àwọn mìíràn fi ọjọ́ ayé ìyí kún àwòṣe Mann ti 1994. Èyí ẹ̀yìn yìí ni mo fara mọ́ jù. Àwòṣe tó kàn ń rọ nọ́ńbà méjì mọ́ ohun tí wọ́n wọ̀n ní ibi kan lè bá ibẹ̀ mu dáadáa, kó sì dójú ti ni níbi mìíràn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ ayé ìyí ń sọ ìdí tí ìbáramu fi ń bàjẹ́, ẹ sì lè bi í ní ìbéèrè tuntun. Ní ọ̀sán, oòrùn ń gbé ìyí sókè títí dé nǹkan bí kìlómítà kan. Ní òru tí ilẹ̀ ti tutù, ìyí á kéré. Asẹ́ tó dára lọ́sàn-án kò ní dára ní òru.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi láídà tan yín pé iná á pọ̀ sí i gan-an. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì tó, ohun tí à ń jèrè kéré púpọ̀. Inú afẹ́fẹ́ líle ni àǹfààní wà, lára irin tí kò tètè rẹ̀.

Mo ní màá padà sórí àfonífojì Van der Hoven. Kí n tó débẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ tọ́báìnì yìí tilẹ̀ kàn wá? Ní Lambar Rimi, ní ìpínlẹ̀ Kàtsínà, wọ́n to tọ́báìnì 37, oní kìlówáàtì 275 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Taïba Ndiaye, ní Sẹ̀nẹ̀gà, tọ́báìnì 46 ló wà, ìbú ibi tí apá wọn ń gbá sì jẹ́ mítà 126, gẹ́gẹ́ bíi ti tọ́báìnì orí ìwé NREL. Ẹ̀rọ ti dé. Ìmọ̀ nípa afẹ́fẹ́ tiwa náà kò ṣàì sí. Ní 2004, wọ́n ṣe ìwádìí NIMEX ní Ilé-Ifẹ̀, ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n wọn rúkèrúdò nítòsí ilẹ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ́ sí òjò. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje 2016, ìwádìí DACCIWA gbé ohun èlò kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Ilé-Ifẹ̀. Ní Ṣábẹ, láídà wà lára wọn. Ìkùukùu òwúrọ̀ ni wọ́n wá wò, kì í ṣe tọ́báìnì, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ tọ́báìnì fetí sí: afẹ́fẹ́ òkun tó ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ń di odò afẹ́fẹ́ tó yára ní òru, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà díẹ̀ sókè. Ibi tí orí apá tọ́báìnì ńlá ń dé náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó yára lókè tó sì dẹ̀ nísàlẹ̀ ń fa ìyí gùn, ó sì ń fọ́ wọn lọ́nà tí pápá Kansas kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń kó eruku wá, tó ń fún láídà ní ohun púpọ̀ tí ìtànṣán lè kàn, bí kò bá nípọn jù. Òjò ńlá ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, láídà sì lè má rí nǹkan kan dìmú lẹ́yìn rẹ̀. Ìjì tó ń ṣáájú òjò ló wá le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò òjò, afẹ́fẹ́ tútù á ti ìlà-oòrùn bọ́ sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ afẹ́fẹ́ á ti yí ojú padà, ìyára rẹ̀ á ti fò sókè. Àárín àfonífojì Van der Hoven gan-an ni ìjì yìí bọ́ sí, ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò sì ní ìtumọ̀ nínú rẹ̀. Tí ìjì náà bá ń lọ ní mítà 15, láídà tó ń wo mítà 200 á fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá 13. Èyí tó lè wo kìlómítà 5 á fún wa ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tó láti ti tọ́báìnì pa wọ́ọ́rọ́wọ́, àyàfi tí òjò bá dí i.

Kò sí àwòṣe tí a lè yá fún èyí láìwọn tiwa. Láti mọ bí rúkèrúdò ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà, òpó kan kò tó; ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ní ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, afẹ́fẹ́ ń ti ibi púpọ̀ wá, nítorí náà ọjọ́ tí òpó méjì bá ojú ọ̀nà rẹ̀ mu kò pọ̀. Ní tiwa, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń wá, àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń wá: ìlà kan náà ni. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí wá ilẹ̀ títẹ́jú kan láàárín Ṣábẹ àti Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n ri òpó méjì oní mítà 100 síbẹ̀, mítà 150 láàárín wọn, kí ìlà tó so wọ́n dojú kọ gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Òpó kan náà tó kọ́kọ́ ń rí afẹ́fẹ́ òkun ní oṣù kẹjọ ni yóò rí ọyẹ́ kẹ́yìn ní oṣù kìíní, ọdún kan ṣoṣo á sì fún wọn ní àkójọ méjèèjì. Ìjì òjò tó ń ti ìlà-oòrùn wá kò ní gba ojú ìlà náà. Òun ló máa nílò òpó kẹta.